Jíà Tó Ń Wo Kànga

Bàbá mi ní Abíjáàn,

Láàárọ̀ yìí, mo rí ẹní yín àtijọ́ lábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́bàá kànga, abọ́ kẹrosíìnì kan, jíà ọkọ̀ yín tí wọ́n tú kalẹ̀, àti Bọ̀dá Àlíù tí wọ́n ń lérí pé àwọn á tò ó padà. Màmá ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn jíà náà ò wọlé. Bọ̀dá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ yìí fún àwọn tó ń ra irin."

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń bá yín fọ àwọn jíà yẹn. Ẹ máa ń ní, "Mùínà, èyí tó lápàá, àpá rẹ̀, kànga ni kó máa wò."

Mo yí èyí tó lápàá padà sí kànga. Ó wọlé.

Bọ̀dá pariwo, "Ìyá mẹkáníìkì!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ta ọkọ̀ náà. Ẹ wá wà á fúnra yín. Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú báyìí, èmi ọmọ yín ti dùbúlẹ̀, òórùn kẹrosíìnì bíi tìgbà yẹn lọ́wọ́ mi.