Ẹ Yéé Bomi Rin Tòmátò Yẹn

Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko o.

Mo rí fọ́tò tòmátò tó ń rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé bomi rin ín! Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. Bí ẹ ṣe ní inú igi rẹ̀ ti dúdú, èbu inú ilẹ̀, irú èyí tó máa ń bo búrẹ́dì, ló gba gbòǹgbò wọlé. Ó ń tu purotéènì sára tòmátò kó má baà lè gbèjà ara rẹ̀, bí olè tó kọ́kọ́ di ọdẹ lẹ́nu, ó wá dí ọ̀nà omi pa. Ẹ fà á tu, kí ẹ sun ún.

Ní láàbù wa, wọ́n ní ká lọ sinmi ná, láìsí owó oṣù. Mo ti kó lọ sọ́dọ̀ Hàwáù ọ̀rẹ́ mi, ní Mission Bend, nílùú òyìnbó níbí. Oúnjẹ kún fíríìjì rẹ̀, ó ṣáà ń bẹ̀ mí kí n jẹun.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní mo ti sanra, àmọ́ kí wọ́n má pè mí lórí fídíò o.

Misturah yín