Èèkàn Lórí Àrò Ìyá Sewanu

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì 1936
Òyìnbó kan tí gọ́ọ̀fù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó. Òun àti àwọn òyìnbó kílọ́ọ̀bù yóò díje lórí pápá wa ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá Oníwọ̀n — orúkọ tí èmi nìkan ń pe akọ̀wé kílọ́ọ̀bù nínú ikùn mi — ti ń na okùn káàkiri láti àárọ̀. Ó ní ihò kẹsàn-án kúrú jù, kí n sún ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn dé etí ọ̀sà. Àrò tí ìyá Sewanu, àfẹ́sọ́nà mi, fi ń yan ẹja ló wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 3
Mo wọn ilẹ̀ apá àwọn àgbọn, bóyá àyè wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 4
Mo bẹ Ọ̀gá Oníwọ̀n. Mo ní ká gba apá àwọn àgbọn. Ó ní igi yóò dí bọ́ọ̀lù lọ́nà. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Àfi bí ẹni ń yín àgbàdo sẹ́yìn igbá. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ jẹ́ olórí lébìrà. Mo ní mo fẹ́.

Ẹtì, 6
Mo sọ fún ìyá Sewanu. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí — pé àlejò ńlá ni yóò dúró níbẹ̀, pé a ó tún un mọ lẹ́yìn ìdíje. Ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ló mọ àrò náà. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Tó bá jẹ́ dandan, ìwọ ni kí o wó o. Má jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án.”
Ó sún ìdána èmi àti Sewanu di ẹ̀yìn Àjíǹde. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi. Sí ta ni? Mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo wó o. Amọ̀ rẹ̀ le! Zinsu, ọ̀kan nínú àwọn lébìrà, fẹ́ bá mi gbé ọkọ́, mo jágbe mọ́ ọn. Sewanu ń wò mí lọ́ọ̀ọ́kán, kò kí mi. A tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, a ri èèkàn funfun méjì mọ́ ọn láti sàmì ibi tí wọn yóò ti gbá bọ́ọ̀lù. Ó rẹwà. Inú mi dùn sí i — Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́rú, 11
Àṣẹ Ọ̀gá Oníwọ̀n kò tán: da epo dúdú sórí iyanrìn tó yí ihò ká, fi pákó fà á, kí bọ́ọ̀lù lè yí geere. Jẹ́ kí koríko ẹ̀gbẹ́ ga, kí ẹni tó bá ṣìnà jìyà. Mò ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ̀ tó ń kó ẹja wá láti Ajido gúnlẹ̀. Kò sí ibi tí Ìyá máa yan ẹja sí, ó tà á ní tútù ní ọjà Agbalata, ní ọ̀pọ̀.

Àbámẹ́ta, 14
Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ kíkankíkan, ó kọjú sí wa. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àlejò náà rìn dé èèkàn tuntun, kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó ní pẹ̀lú atẹ́gùn yìí, bọ́ọ̀lù ẹnikẹ́ni kò ní kọjá irà tó wà níwájú. Ọ̀gá Oníwọ̀n yíjú sí mi, bí ẹni ń tọrọ omi: “Dá èèkàn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.”
Mo dá a padà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti gbá a.

Àìkú, 15
Lẹ́yìn ìsìn mo lọ sílé wọn. Ìyá fún mi lómi. Sewanu bi mí: “Òyìnbó wo ló dúró síbi àrò ìyá mi?”
Mo ní kò sẹ́nì kankan.
Àwọn méjèèjì fọ èdè Ègùn díẹ̀, ohùn wọn kò ga. Lẹ́yìn náà Ìyá ní kí n sọ fún àwọn ẹbí mi kí wọ́n má wulẹ̀ wá lẹ́yìn Àjíǹde.