Ilé Ìgàndò Tí Kò Ṣeé Tà Mọ́

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Adéolú,
                                        Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 1991.

Lucy, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ṣadé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá yín ti fúyẹ́? Ẹ kú ooru Kàdúná. Ara tèmi le, inú ni kò dùn.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní owó ìfẹ̀yìntì rẹ ti wọ báńkì, o sì fẹ́ fi kọ́lé tí ayálégbé yóò máa gbé sí Ìkọ̀tún. O ní kí èmi tí mo kàwé òwò sọ bóyá èrè wà níbẹ̀.

Èrè wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí o má baà ní mò ń jowú. Kí wọ́n tó kan òrùlé tán ni ayálégbé á ti máa béèrè. Àmọ́ ọmọ onílẹ̀ á gba tiwọn nígbà ìpìlẹ̀, wọ́n á tún padà wá nígbà páànù. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣáláńgá á kún, kànga á gbẹ, yàrá kan á ṣófo. Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́, owó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ohun tí n kò kọ ni bàbá mi.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá wa dúró níbi iṣẹ́, ilé yàrá mẹ́jọ tí mo kọ́ sí Ìgàndò nìkan ni mo gbójú lé. Mo fẹ́ tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù sí Ìyànà Ìpájà. Alájì Nùrẹ́nì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta páànù, ló fẹ́ rà á. A ti fẹnu kò, ó ku kí wọ́n kówó wá.

Àsìkò náà ni àìsàn Bàbá le. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé, gbé wọn wá láti Ìlá, wọ́n ní kí n fi Bàbá sí yàrá iwájú tó ṣófo nílé Ìgàndò, kí wọ́n lè sún mọ́ ọsibítù. Ta ló máa kọ̀ fún bàbá ẹ̀? Kò pẹ́ púpọ̀, Bàbá dágbére fáyé.

Nípàdé ẹbí, mo ní màá sanwó mọ́tò, ká gbé Bàbá lọ sin sí Ìlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, bí Bàbá fúnra wọn ṣe máa ń sọ pé àwọn fẹ́. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé fò dìde. "Sínú ilé wo? Èyí tí òrùlé ẹ̀ ti wó yẹn? Bàbá tó bímọ tó kọ́lé l'Ékòó! Iwájú ilé ọmọ wọn la máa sin wọ́n sí."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti fẹ́ ta ilé yẹn."

Ọ̀rọ̀ dàrú. Àǹtí Àyìnkẹ́, àbúrò Bàbá, pàtẹ́wọ́ sí mi lójú: "Háà, Tóyìn! Ṣé èrè lo fẹ́ jẹ lórí òkú bàbá ẹ ni? Ìwé tó o kà náà nìyẹn, àbí?"

Lucy, tiwọn ló ṣẹ. Wọ́n sin Bàbá síwájú ilé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó ń dán.

Nígbà tí Alájì Nùrẹ́nì dé, wọn ò tilẹ̀ wọlé. Wọ́n wo sàréè, wọ́n wò mí. "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyáàfin. Ilé ni mo fẹ́ rà jàre, n ò lówó tí mo lè fi ra ìdílé." Wọ́n yí mọ́tò padà.

Ní báyìí, Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé tí kò bá mi gbé búlọ́ọ̀kù kan rí ti gbé àga síwájú ilé. Wọ́n ní ilé bàbá wa ni, àkọ́bí ló yẹ kó máa gba owó ilé. Ìdíátù, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì, bi mí ní Sátidé: "Àǹtí, ta gan-an ni onílé wa báyìí? Ẹ̀yin ni, bọ̀ọ̀dá yín ni, àbí Bàbá tó sùn síta yìí?" Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín náà korò.

Òrùlé Ìlá yẹn ni wọ́n rí gbá mú. Páànù díẹ̀ ni ì bá gba ilé mi sílẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó fún ọmọ onílẹ̀ kankan ní kọ́bọ̀, kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀tùn, ìlú yín, kí o tún ilé bàbá yín ṣe. Kí ẹ̀mí wọn gùn, àmọ́ bi wọ́n léèrè, lójú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, ibi tí wọ́n bá fẹ́ sùn sí lọ́jọ́ alẹ́. Ó wúwo lẹ́nu, mo mọ̀. Béèrè ẹ̀ ṣá, má fi falẹ̀. Ìyẹn ni ìnáwó àkọ́kọ́ nínú ìṣirò rẹ.

Bá mi kí Bàbá Ṣadé àtàwọn ọmọ. Kí bàbá yín fún mi gan-an. Bí o bá ṣetán láti ra páànù, kọ̀wé sí mi. Lórí ìyẹn, Alájì Nùrẹ́nì ṣì máa dá mi lóhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, onílé tí kò nílé mọ́,

Olútóyìn