Ìwé Àdéhùn Tí Wọ́n Mú Wá fún Bísọ́lá

Bàbá mi, ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí láti ọ̀nà jíjìn,

Mo ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, mi ò sì gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n sinmi. Pásítọ̀ ní kí n sinmi. Dókítà ní kí n má jókòó sórí òkúta mọ́. Orí òkúta náà ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ní ìmọ̀ràn kan níbi tí ẹ wà, ẹ fi í pamọ́. Ìròyìn ni mo mú wá.

Ẹ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, torí kò sí i nígbà ayé yín. Àwọn tó ń sáré lórí òkè ni mò ń bójú tó, wọ́n ń pè mí ní mánéjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti di iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun. Wọ́n á sáré gun òkè, wọ́n á gba inú igbó àti orí àpáta, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà á sì máa sanwó oṣù fún ẹni tó bá yára jù. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn àlejò tó ń wá wo Òkè Ìdànrè máa ń ní kí àwọn ọmọ àdúgbò wa sáré gun àtẹ̀gùn kí àwọn fi ṣèran wò, wọ́n á wá ju bisikíìtì sí wọn bí ẹni ń fún adìẹ lágbàdo. Ara mi kò gbà á. Mo dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ wa sáré, kó kọ́kọ́ wá sọ ohun tó máa fún un fún mi. Ibẹ̀ ni mo gbà di mánéjà. Kò sẹ́ni tó yàn mí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ bá ti lọ wo ahoro ilé bàbá yín lókè? Ẹ á ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ á fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Mo fi kọ́ wọn. Kóòṣì tó wá láti Àkúrẹ́ kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tó rí i pé orúnkún kì í dun àwọn ọmọ mi, ó lọ fi kọ́ tirẹ̀, kò dárúkọ mi. Èmi fúnra mi ò lè gun òkè mọ́, etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń jókòó nísàlẹ̀, màá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bó ṣe ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá mọ ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn kí ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ̀.

Etí yìí ló kó mi sí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nínú àwọn asáré mi, Táyọ̀ ni ẹni tí mo kọ́kọ́ bá wá onígbọ̀wọ́. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó ní òun máa gbé ọmọ náà dìde, tó bá sì fara pa, òun máa tọ́jú rẹ̀. Mi ò bèèrè ìwé. Mo mú obì wá, a pa á lẹ́sẹ̀ òkè, ó jẹ tirẹ̀, mo jẹ tèmi. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti jẹ obì lẹ́sẹ̀ Òkè Ìdànrè kò lè sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe tọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀ òsì Táyọ̀, ó ń wúwo. Ìdíje ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo dákẹ́, Bàbá. Mo fẹ́ kó gbégbá orókè. Lọ́jọ́ ìdíje, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já lójú gbogbo èrò. Ọkùnrin tó jẹ obì wa kò gbé fóònù mọ́. Ọ̀kadà ni Táyọ̀ ń gùn ní Ofosu báyìí. Tó bá rí mi, ó ṣì máa ń kí mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ṣé ẹ̀yin náà ti dákẹ́ rí nígbà tó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀? Ta ni ẹ sọ fún?

Nítorí náà, nígbà tó kan Bísọ́lá, mo ti gbọ́n. Apá Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá, òun ló ń bá wa tọ́jú oko kòkó ní Atosin, a jọ ń pín ohun tó bá so. Ọmọbìnrin náà yára débi pé àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ bá a sáré mọ́. Ilé iṣẹ́ bàtà kan rán aṣojú wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún mẹ́rin, kó máa sáré fún wọn lórí àwọn òkè ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé náà nípọn, òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kò ní fọwọ́ sí i, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ ní Yorùbá tí mo lè kà bí mo ṣe ń ka Bíbélì.

Aṣojú ní, “Mama, ẹ fọkàn balẹ̀, ma. Fọ́ọ̀mù lásán ni.”

“Tó bá jẹ́ lásán, gbé lásán rẹ, kí o máa lọ.”

Bàbá Bísọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ má da garí wa síyẹ̀pẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ilẹ̀ onílẹ̀ ni mò ń ro.”

Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ wa ló ń ro. Bàtà tuntun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ni Bísọ́lá ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo fi ìka kà á láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí òkúta. Ojú ewé kẹfà ni mo ti bá a: tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dùn ún ju oṣù kan lọ, owó dúró, kò sì gbọdọ̀ sáré fún ẹlòmíràn títí ọdún mẹ́rin á fi pé. Táyọ̀ ni mo rí nínú ìwé yẹn. Mo kà á sókè fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Bísọ́lá dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo òkè. Mo ní kí aṣojú lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé tí ọmọ yìí bá fara pa, owó oṣù kò ní dúró, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Tí wọn kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Wọ́n gbà, Bàbá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ tèmi ló wà lójú ewé kẹfà báyìí.

Mo rò pé ayọ̀ ni màá fi parí lẹ́tà yìí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, Bísọ́lá wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, kò dìde.

“Màmá, ẹ má bínú. Mo ti mú bùrọ̀dá lọ́yà kan ní Àkúrẹ́. Òun ló máa jẹ́ mánéjà mi.”

“Ìwọ lo mú un, àbí wọ́n mú un fún ọ?”

“Èmi ni, ma. Mo fẹ́ ẹni tó lè bá wọn sọ òyìnbó. Ẹni tí wọn ò ní máa fi rẹ́rìn-ín.”

Kò purọ́. Èmi náà rí aṣojú àtàwọn tó tẹ̀ lé e wá, bí wọ́n ṣe ń fi ìgúnpá gún ara wọn nígbà tí mò ń fi ìka kàwé. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Mo gbàdúrà fún un, ó lọ. Lọ́yà mọ òyìnbó. Ṣé ó mọ ẹsẹ̀? Lórí òkè ilẹ̀ òkèèrè tó lọ yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ta ló máa gbọ́ ọ?

Mi ò bínú sí ọmọ náà. Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí ẹ yọ mí nílé-ìwé. Ẹ ní kí bùrọ̀dá mi kọ́kọ́ kàwé ná, pé tí kòkó bá tà lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á padà. Kòkó tà. Ó tà lọ́dún yẹn, ó tà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ fi kan páànù sórí ilé. Mi ò bèèrè títí ẹ fi kú, torí mi ò fẹ́ kí ojú tì yín. Mò ń bèèrè báyìí.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín dòní olónìí.

Ẹ jẹ mí ní ilé-ìwé, Bàbá. Ẹ san án.