Àgbá Erùpẹ̀ Mẹ́ta Tí Wọlé-Wọlé Kó Lọ

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Òpópónà Ògúndìran,
Ìba,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
14 Oṣù Kẹrin, 1998.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Àdúgbò,
Òkòkòmáíkò.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ỌGBẸ́NI ÒKÈ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀGBÁ KAN TÓ KÙ

1. Èmi ni Rótìmí Ọmọ́tọ́ṣọ́, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọgbẹ́ni Òkè, wọlé-wọlé yín, ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

2. Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ òkèèrè ń ṣe ọkọ̀ tí yóò lọ bu erùpẹ̀ wá láti ara àwọn àpáta tó ń yí oòrùn po lójú ọ̀run. Ẹnikẹ́ni kò tíì lọ ibẹ̀ bu ú rí. Nítorí náà, wọ́n ń wá erùpẹ̀ àtọwọ́dá tó jọ ọ́, kí wọ́n lè fi dán ọkọ́ ìwalẹ̀ rẹ̀ wò kó tó gbéra. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ní kí n fi tèmi ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

3. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Mo gún òkúta dúdú nínú odó irin, mo jọ̀ ọ́, mo fi amọ̀ Ìjànìkin, èédú ilẹ̀ Enúgu àti ẹ̀rún irin láti ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́dà Alábà sí i. Mo pò ó, mo sá a títí ó fi le, mo sì tún fọ́ ọ, ó kún àgbá mẹ́ta. Ọláídé, ìyàwó mi, ní òun kò rí ọkùnrin tó ń gún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ rí.

4. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹta, ọjọ́ ìmọ́tótó, mo gbé àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta kí n lè gbá yàrá, bí òfin yín ṣe wí. Títẹ̀lé òfin ló kó bá mi. Mo ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára wọn pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni. Bóyá Ọgbẹ́ni Òkè kò rí i ni o, bóyá kò lè kà á ni, n kò mọ èyí tó sàn jù fún ìgbìmọ̀ yín. Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí bóyá mo gba ìwé àṣẹ láti ojú ọ̀run. Ó pe erùpẹ̀ mi ní ìdọ̀tí, ó sì kó o lọ.

5. Àgbá méjì nínú ìdọ̀tí náà ló fi po símẹ́ńtì tó fi mọ àtẹ̀gùn sẹ́nu ọ́fíìsì yín. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí, kí ló dé tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ wọlé? Ẹni tó gbọ́n kì í po èédú mọ́ símẹ́ńtì. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àtẹ̀gùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rún, Ọgbẹ́ni Òkè fúnra rẹ̀ sì ti ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àánú àtẹ̀gùn ló ṣe mí. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbẹ́ni Òkè kò fẹ́ yá ti ẹnikẹ́ni lò. Ó ti pe àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n wá fi àgbá kẹta tún un mọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

6. N kò bèèrè owó, n kò sì fẹ́ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Àgbá kẹta yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí bíríkìlà tó fi ṣọ́bìrì kàn án. Agolo kan péré nínú rẹ̀ tó láti fi ránṣẹ́. Inú ń bí mi, n kò fi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí jù. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n láti oṣù kejì. Ọláídé ló ń bá mi kọ ìwé yìí. N kò lè gún òmíràn mọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á délẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí,

Rótìmí Ọmọ́tọ́ṣọ́
(Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì)