Omi Ìwẹsẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà Ilé Adìyẹ

Ilé Lásúnkànmí,
Ìdó-Ilé-Èkìtì.

Gbémisọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, Abùjá ńkọ́, ooru ibẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run tí ó ṣí ilẹ̀kùn ayọ̀ fún mi ní ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta yóò ṣí tìrẹ kí o tó pé ọgbọ̀n. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, mo ń dúró.

Bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ń sáré, ayọ̀ ló ń lé e. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ tí mo di ìyàwó Bàbá Ayọ̀bọ́lá, ẹnu mi kò sì tíì padé láti ọjọ́ náà. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń po tíì fún mi kí n tó dìde, ó ń pè mí ní olólùfẹ́, èmi tí wọ́n ti ń pè ní Màmá Gbémi láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ lọ́kọ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ ti sùn, o ní kí n rora. Mò ń rora. Ó kàn jẹ́ pé bí mo ṣe ń rora náà ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí n kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù.

O rántí pé wọ́n wẹsẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mo wọlé. Ìwọ fúnra rẹ lo di ìró mi mú kí ó má baà tutù. Àwọn ìyàwó ilé da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ní ohunkóhun tí mo bá gbẹ́sẹ̀ lé lọ́nà láti Ìkòrò, kí ó dúró síta. Ohun tí wọn kò wẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ adìyẹ mi. Adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́rin ni mo kó wá, èkarùn-ún wọn sì ni Ìyálóde, àgbébọ̀ pupa yẹn tó ti ń pa ọmọ láti ìgbà tí o wà ní yunifásítì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo tà tí mo fi ra bàtà tí o wọ̀ lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Ọkọ mi ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún adìyẹ ẹlẹ́yin nínú ilé gbọọrọ kan ní ẹ̀yìnkùlé. Tíṣà ni, o mọ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pátápátá ló kó sí i. Ó ní kí n fi tèmi sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí wọ́n má dà pọ̀ mọ́ ti òun. Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwọn adìyẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àánú wọn ṣe mí. Wọ́n á yé ẹyin tán, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jẹun, wọn kò ní bojú wẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sàba. Mo rò ó, mo ní ẹ̀rọ ló sàba lé ẹyin àwọn wọ̀nyí, wọn kò rí ìyá rí, ta ni ì bá kọ́ wọn? Mo bá gbé Ìyálóde sí àárín wọn kí ó lè ṣe ìyá fún wọn. Àwọ̀ wọn jọra, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. N kò sì sọ fún ọkọ mi, mo fẹ́ kí ó kàn ṣàdédé bá ọgbọ́n lójú àwọn adìyẹ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn èyí, ikú wọ ilé adìyẹ. Ọ̀kan á dúró sí kọ̀rọ̀, á wú ìyẹ́ bí ẹni tí òtútù mú, á dijú, ogbe orí rẹ̀ á ṣá bí aṣọ tó ti gbó, ìgbẹ́ olómi á lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti gan. Mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní, méje lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà a kò fẹ́ kà á mọ́.

Màmá Àjíkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, wá wò ó, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ulé yìí ò rí báyìí rí. Ó ní láti ìgbà tí Lásúnkànmí ti ń sin adìyẹ, ikú ò mọ̀nà ibẹ̀, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ tuntun wọlé. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni wí o, ẹsẹ̀ lòun ń bá wí. Gbémi, ẹsẹ̀ mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé yìí? Mo wo méjèèjì tèmi, omijé bọ́ lé wọn lórí. Bí àwọn adìyẹ yẹn bá tán, wàhálà ọdún márùndínlógójì tí ọkọ mi fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló tán, èmi náà á sì di ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára. Orúkọ yẹn kì í kúrò lára obìnrin, ó ń bá a dé ibojì ni.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ilé. Mo fura sí Màmá Àjíkẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí òun náà ń sin adìyẹ, tirẹ̀ kò sì kú. Mo fura sí ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún wa, mo tọ́ oúnjẹ náà wò nínú àpò mẹ́ta, inú run mí, mo sì kọ déètì ọjọ́ tí inú run mí sínú ìwé kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fura sí jù ni Dókítà Priscilla.

Dókítà ẹran tí ọkọ mi pè ni, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló ti ń gun ọ̀kadà sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ rẹ ni, kò tíì lọ́kọ, ó rẹwà, bàtà rọ́bà rẹ̀ ga dé orúnkún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò tíì kí mi tán tó fi ń béèrè omi. Mo rò pé ó fẹ́ mu ún ni. Ó bù ú sínú bàsíà, ó po òògùn mọ́ ọn títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ mímu, tó ń rùn bí ilé ìgbẹ̀bí, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ọkọ mi dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì wọlé. Gbémi, jókòó dáadáa. Ọmọge tí kò lọ́kọ, ó gbé omi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ mi, ó wẹsẹ̀ lójú mi, ó wọlé! Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn níbi tí mo ti tọ́ ọ? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo tíì lò tí wọ́n fi fẹ́ gbé òmíràn lé mi lórí? Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó ní kí èmi náà wẹsẹ̀ kí n tó wọlé. Mo ní wọ́n ti wẹ tèmi. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí a máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Mo bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ọkọ mi bá ti lọ sí àdúrà òwúrọ̀, mo ń da omi òògùn yẹn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń rọ omi kànga tó mọ́ sí bàsíà, mo ń bu ògì díẹ̀ sí i kí ó lè funfun. Mi ò fẹ́ kí ìwẹsẹ̀ ọmọ náà múlẹ̀.

Fóònù náà kò jẹ́ kí n sinmi. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni Dókítà ń pe ọkọ mi. Mo fetí sí i lọ́jọ́ kan. Ó ní ṣé wọ́n ti ń jẹun, ṣé wọ́n sùn dáadáa, ṣé ìgbẹ́ wọn ti le díẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Èwo ló kan ọmọdé yìí nínú ìgbẹ́ mi? Ọkọ mi sì ń dá a lóhùn, ó ní ó ṣì rọ̀. Ọmọ náà ní kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí wásáàpù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àga ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Ìgbà tí mo rí ọkọ mi tó ń ya fọ́tò ìdí adìyẹ ni ọkàn mi balẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún dà rú, nítorí irú ọkùnrin wo ló ń fi ìdí adìyẹ ránṣẹ́ sí ọmọge?

Nígbà tí mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ti kú, Dókítà mú fọ́ọ̀mù wá. Ó béèrè pé kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọgbà yìí láàárín oṣù mẹ́ta. Kí ọkọ mi tó lanu, Màmá Àjíkẹ́ ti dáhùn pé ìyàwó ni. Ìwé ni Dókítà ń wò, kò gbójú sókè, ó ní ọjọ́ orí ńkọ́, láti ibo, ṣé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó wọlé. Mo dáhùn fúnra mi, èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá. Mo ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, láti Ìkòrò, mo sì gba abẹ́rẹ́ kòrónà lẹ́ẹ̀mejì, káàdì rẹ̀ wà nínú àpótí. Ọmọ náà gbójú sókè, ó yára fi fọ́ọ̀mù bo ẹnu.

Ó wá yọ abẹ́rẹ́, ó ń gún adìyẹ lábẹ́ apá, ó ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀! Mo sún mọ́ ọn kí n lè ṣẹ́rìí bí ọlọ́pàá bá dé. Ó ń kán an sórí táìlì funfun, ó ń kán òògùn aláwọ̀ elésè àlùkò lé e, ó ń rò ó pọ̀. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, òun ló ń fa tífọ́ọ̀dù adìyẹ, bí ó bá wà lára èyíkéyìí, ẹ̀jẹ̀ náà á ṣù. Mo ní tífọ́ọ̀dù kẹ̀? Ṣé wọ́n mu omi tí a kò sè ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó ń gba inú omi, ó ń gba inú ìgbẹ́, ó sì ń bá ẹsẹ̀ ènìyàn wọlé. Bó ṣe dárúkọ ẹsẹ̀ ni Màmá Àjíkẹ́ wúkọ́.

Ibẹ̀ ni inú bí mi. Mo ní kí gbogbo wọn wá wo ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Mo wọ ilé adìyẹ, mo gbé Ìyálóde jáde, ó ń dán, ó sanra, kò sín rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo ní kí ó kán tèyí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tó ti Ìkòrò wá kò lábààwọ́n. Ó kán an. Ó rò ó. N kò tíì ka ogún tán tí ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde fi ṣù lórí táìlì bí ẹ̀gúsí inú ọbẹ̀.

Dókítà rọra sọ pé ó ní láti jẹ́ pé àìsàn náà ti ṣe é rí, ó bọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò kúrò lára rẹ̀, ó ń yà á sílẹ̀ fún àwọn tí kò ṣe rí. Ọkọ mi béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ó ní báwo ni adìyẹ ẹ̀yìn ilé ìdáná ṣe dé inú ibí. Mo lè purọ́, Gbémi. Irọ́ náà ti dé eyín. Ṣùgbọ́n mo wo ọkùnrin tó ń po tíì fún mi, mo kúnlẹ̀ sórí ìgbẹ́ adìyẹ níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: Ìyálóde tí mo fi ṣe ìyá, omi òògùn tí mo ń dà nù, ògì tí mo ń bù sí i, àti pé mo rò pé ìyàwó ni Dókítà ń ṣe bọ̀.

Ọkọ mi yíjú sí ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ó wá ní, abájọ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun fi kú. Ó ní Màmá Àjíkẹ́ lòun ti ń fura sí. Màmá Àjíkẹ́ ní, èmi kẹ̀, Lásúnkànmí? Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé korobá.

Nígbà tó nujú tán, ó ní òun ò mọ ẹsẹ̀ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, gbogbo ẹsẹ̀ ni kòkòrò ń gùn. Ó ní ta ló ti àgbàlá adìyẹ tirẹ̀ wọ ibí láàárọ̀ láìki ẹsẹ̀ bọ omi? Màmá Àjíkẹ́ wo òkè àjà. Dókítà po omi òògùn tuntun, ó ti bàsíà rẹ̀ sí i. Ìyá náà ní lọ́mọ ọdún méjìléláàádọ́rin, ta ni wọ́n fẹ́ fi òun fún? Ṣùgbọ́n ó ká ìró sókè, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, orin ìyàwó ló jáde lẹ́nu mi, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi sì gbè é. Ìyá náà bú wa, ó ní wèrè ni tọkọtaya, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jó nínú omi.

Ìyálóde kò sí mọ́. Dókítà ní a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, a kò gbọdọ̀ tà á. Ọkọ mi gbẹ́ ilẹ̀ jìn, a sin ín pẹ̀lú àwọn mẹ́rin yòókù àti gbogbo èyí tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣù. Mo sunkún rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn tó kù mu òògùn nínú omi. Ní ọjọ́ kẹta ara wọn ti yá, mo ní kí a tọ́jú ìyókù òògùn di ọdún tó ń bọ̀, Dókítà ní bí a bá dá a dúró láàárín, kòkòrò á kọ́gbọ́n, òògùn ò ní lè pa á mọ́. Mo fura sí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n a lò ó tán, a kò sì ta ẹyin kan títí ọjọ́ tó dá fún wa fi pé.

Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án tí adìyẹ kan kò kú. Igba ó lé mẹ́tàlá ló ṣẹ́kù. Láàárọ̀ yìí, Màmá Àjíkẹ́ dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó nawọ́ sí mi kí n di òun mú kí òun má ṣubú. Ó ní ìyàwó wa, omi yìí mà tutù o. Gbémi, ìyàwó wa! Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìyàwó Lásúnkànmí ló ń pè mí.

Jọ̀wọ́, ra bàtà òjò oní-rọ́bà méjì fún wa, nọ́ńbà méjìdínlógójì tèmi, nọ́ńbà méjìlélógójì ti Màmá Àjíkẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Fi owó òògùn inú bàsíà tì í. Má gba inú fóònù fi ránṣẹ́, n kò mọ ẹni tó lè máa ṣọ́ ọ lọ́nà, kàn tì í sínú bàtà lápá ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Dókítà ṣì ń pè láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé fóònù báyìí, èmi ni mo sì ń ṣàlàyé ìgbẹ́ fún un.

Bí o bá ń bọ̀ ní Kérésì, má ra adìyẹ lọ́nà, bó ti wù kí ó sanra tó. Bí o bá sì dé, má bínú pé n kò sáré wá dì mọ́ ọ. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi fúnra mi ni n ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ.

Ọlọ́run á tọ́ ẹsẹ̀ rẹ sọ́nà, kò ní gbé ọ débi tí wọn ò ti mọyì rẹ. Wọn á wẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ rere láìpẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò sì wẹ̀ ẹ́. Tèmi ló di ojoojúmọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó wọn,
Bọ́ládé Lásúnkànmí.