Káàdì Tí Bọ́láńlé Gbàgbé Sórí Fíríìjì

Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Ìbàdàn ò fìyà jẹ ọ́? Àwa ń dúpẹ́ o. Orúnkún màmá rẹ ti fúyẹ́, ó ti padà sínú kwáyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìjọ ò tíì sọ bóyá inú wọ́n dùn sí i. Ewúrẹ́ Safiyat aládùúgbò wa bí ìbejì. Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní kò ní fi ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì ọ́fíìsì tí o gbàgbé sórí fíríìjì nígbà Àjíǹde ló mú mi kọ̀wé. O ní bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, ìwé náà kì í jáde lójú ẹsẹ̀, ṣe ló máa ń dúró nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ẹni tó ni ín yóò fi gbé káàdì lé àyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, kí ojú ẹlòmíì má bàa tó o. O ní ìwé ìgbéga rẹ wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ fẹ́ rí i ní Ọjọ́rú ní aago méjì, káàdì tuntun sì di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ara mi ò gbà á. Èmi tí mo ṣe mẹ́séńjà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí ìwé kankan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí, kí ìwé ọmọ tèmi wá há sínú ẹ̀rọ? Níwọ̀n bó ti jẹ́ ẹ̀rọ yòówù ni, mo gbé káàdì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìrètíọlá tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu ọ̀nà Pólì, mo gbé e lé àyà ẹ̀rọ ẹ̀. Kò mira. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo bí ẹni tó ni káàdì, mo kì ọ́ ní oríkì títí ọ̀fun fi gbẹ mí. Nígbà tó yá ló pọ ìwé ilẹ̀ ará Ẹ̀rìn-Ilé kan jáde. Ìrètíọlá ní oníbàárà òun tó dúró sẹ́yìn mi ló ni ín. Mo fà á fún un, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wo ibi tí ààlà wọn dé.

Ojú tì mí, ọmọ mi, ó sì dùn mí. Mo délé, mo pa fóònù mi, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀fà ò lágbára, bí ìwé rẹ bá sì wà nínú rẹ̀, kò yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu tì í síwá sẹ́yìn. Mo bẹ gbogbo àdúgbò kí wọ́n pa tiwọn. Ẹni mẹ́ta gbà.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú yìí ni Adétóyè, awakọ̀ tí o rán wá gba káàdì, dé. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Mo ní kí ló fi hàn pé ìwọ lo rán an, ó mú láísẹ́ǹsì jáde. Mo ní láísẹ́ǹsì kì í ṣe Bọ́láńlé. Bí ẹ̀rọ bá lè kọ̀ fún bàbá tó bí ọ, ta ni Adétóyè? Ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ó ní kí wá ni ká ṣe, Bàbá. Mo wọ bàtà, mo sì wọ ọkọ̀ ẹ̀.

Ẹnu géètì ọ́fíìsì yín ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí àpò iṣu Ojókù tí màmá rẹ dì fún ọ. Àkànbí tó ń ṣọ́ géètì ní ẹni tí kò bá ní káàdì ò lè wọlé. Káàdì rẹ wà lápò àyà mi, ilẹ̀kùn ìbá ṣí, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ó ní kóun bá mi gbé e gòkè fún ọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní lẹ́tà ni kó gbé.

Aago kan ti kọjá, nítorí náà yára. Mú owó ọkọ̀ Adétóyè dání, ó ti ń wò mí, àti èyí tí n ó fi padà sílé, àti ohun tí màmá rẹ yóò fi ra ọṣẹ. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga ju ibi tí ìgbìmọ̀ náà lè gbé ọ dé. Ohun tó jẹ́ tìrẹ kò ní há lọ́nà. Àmín.

Sọ̀kalẹ̀ wá. Mo mọ̀ ọ́ lójú o, ṣùgbọ́n mú nǹkan tó fi hàn pé ìwọ ni dání.

Èmi ni bàbá rẹ nísàlẹ̀ níbí,
Ọlábámijí